Ìkòkò òdòdó ìgbà ìrúwé fún inú ilé: ta ló lè là wá lọ́yẹ̀?

Ará Lewisham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Ìyá ti ilẹ̀ Britain bọ́ sí ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta lọ́dún 2026 yìí, ìyá ọkọ mi tí wọ́n dé láti Abẹ́òkúta nígbà Kérésìmesì sì ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ìkòkò òdòdó kan fún wọn, èyí tí a ó gbé sórí tábìlì nínú pálọ̀, irú èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń to òdòdó oríṣiríṣi pọ̀ sí, tí wọ́n sì ń tà ní owó gọbọi. Abọ́ tánganran funfun kan tó ní etí búlúù ni mo fẹ́ lò. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n kò ní ihò nídìí. Fúláàtì ni à ń gbé, a ò ní ọgbà, hítà wa kì í sì í sinmi láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí pé òtútù ilẹ̀ yìí kò bá màmá lára mu rárá. Ẹ jọ̀wọ́, irú òdòdó wo ni kí n rà, ṣé kí n lu abọ́ náà ní ihò ni, kí sì ni mo lè ṣe tí kò fi ní rọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé?

Olóko Bálíkóní

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ má ṣe lu abọ́ yẹn, nítorí pé ibi tí ẹ bá ti lù ú ni tánganran ara rẹ̀ yóò ti máa ré, irin abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dípẹtà mọ́ yín lórí tábìlì. Ihò náà kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan láti ṣe bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn mi: ẹ jẹ́ kí òdòdó kọ̀ọ̀kan wà nínú ike kékeré tí wọ́n fi tà á fún yín, kí ẹ to àwọn ike náà sínú abọ́, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú wọn. Lásìkò yìí, ike tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 lẹ́nu ni wọ́n sábà máa ń lò, ó sì ní ihò tirẹ̀ nídìí. Márùn-ún nínú irú ike bẹ́ẹ̀ yóò wọ inú abọ́ yín láìfún ara wọn jù.

Ìdí tí mo fi takú sórí ọ̀rọ̀ ike yìí ni pé òdòdó márùn-ún tí ẹ bá kó sínú abọ́ kan náà kì í mu omi bákan náà, wọn kì í sì í parí iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Daffodil, òdòdó òféèfèé yẹn, a máa mu omi bí ọmọ tó ti oko dé, hyacinth, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta, kò sì fẹ́ kí ìdí òun rin gbingbin. Bí gbogbo wọn bá wà nínú ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn, ẹ ó sì pa èkejì. Ṣùgbọ́n bí kálukú bá wà nínú ike tirẹ̀, ẹ lè yọ èyí tó ti gbó kúrò láìda àwọn yòókù láàmú, kí ẹ lọ ra òmíràn, kí ẹ sì ki í bọ àyè tó ṣófo. Báyìí ni abọ́ kan ṣe lè máa tanná láti Oṣù Kejì títí di ìgbà Àjíǹde.

Ní ti ohun tí ẹ ó rà, èyí tó ṣì wà ní ìrudi ni kí ẹ mú, ẹ má wo ojú èyí tó ti là gbayawu tó ń dán lójú ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ti lò kí ẹ tó sanwó. Daffodil kékeré tí wọ́n ń pè ní Tête-à-tête ló dára jù fún orí tábìlì, torí pé kò ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kì í sì í ṣubú. Ẹ mú méjì nínú rẹ̀, kí ìrudi wọn ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́, kí àwọ̀ òféèfèé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ lára rẹ̀. Ẹ mú hyacinth kan tí orí rẹ̀ ti yọ kúrò láàárín ewé ṣùgbọ́n tí kò tíì là, ẹ mú muscari kan tí yóò fún yín ní àwọ̀ búlúù, kí ẹ sì fi primrose kan síwájú. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ wá ivy kékeré kan tí ewé rẹ̀ yóò máa fà wálẹ̀ létí abọ́. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ike kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀: gbòǹgbò funfun ni ẹ fẹ́ rí. Ẹ rọra fi ìka tẹ ìdí òdòdó náà, apá tó rí bí àlùbọ́sà yẹn. Bó bá rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀, ẹ dá a padà.

Bó bá di títò, ẹ kọ́kọ́ to àwọn ike náà lásán, ẹ má tíì fi nǹkan kan bò wọ́n. Nítorí pé orí tábìlì ni abọ́ yìí máa wà, tí àwọn èèyàn á sì máa rí i yíká, àárín ni èyí tó ga gbọ́dọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹ fẹ́ gbé e sí ni ẹ ó fi èyí tó ga sẹ́yìn. Ẹ dojú àwo kékeré kan dé sábẹ́ ike tó bá kúrú jù kó lè ga sókè, kí ẹ sì rí i pé etí gbogbo ike náà rẹlẹ̀ ju etí abọ́ lọ díẹ̀, kí ó má baà hàn síta. Primrose iwájú ni kí ẹ dà ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ẹni tó jókòó. Ẹ fi èèpo igi tàbí ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù di àwọn àlàfo tó wà láàárín ike, kí wọ́n má baà máa mì, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ moss (ewéko kúkúrú tó máa ń bo ilẹ̀ tí òòrùn kì í dé) sórí gbogbo rẹ̀. Ní tèmi o, àwọ̀ méjì ti tó: òféèfèé àti búlúù, pẹ̀lú ewé tútù. Àwọn tó ń kó pupa, àlùkò, òféèfèé àti osùn pọ̀ sínú abọ́ kan, ojú tiwọn ni wọ́n fi ń wò ó.

Ìyá Ìbejì ní Salford

Ẹ kú iṣẹ́, Olóko Bálíkóní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàtakò díẹ̀. Èmi máa ń yọ òdòdó kúrò nínú ike ni, nítorí pé tí ike bá wà níbẹ̀, àlàfo máa ń pọ̀ jù láàárín òdòdó kan sí èkejì, ó sì máa ń hàn pé ọjà ni a tò síbẹ̀. Tí a bá yọ wọ́n, a lè fún wọn mọ́ra, kí wọ́n rí bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n hù sí. Agbọ̀n híhun ni mo máa ń lò. Mo máa ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sínú rẹ̀, mo máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi tó bá pọ̀ jù lè ríbi sá sí, mo sì máa ń fi èédú wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e kó má baà rùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti da kọ́ńpóòsì (ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún òdòdó) sí i tán ni kí ẹ tó gé etí ọ̀rá náà kó bá etí agbọ̀n dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ yọ òdòdó kúrò nínú ike, ẹ kọ́kọ́ bomi rin ín, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbá ewé rẹ̀ mú wẹ́rẹ́, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì fún ike náà. Yóò jáde pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ lódindi. Ẹ má fa igi òdòdó, yóò já mọ́ yín lọ́wọ́.

Òdòdó inú ilé yìí kì í ṣe ohun tí a fẹ́ jogún, ìgbà díẹ̀ la fẹ́ fi jẹ̀gbádùn rẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi máa bẹ̀rù gbòǹgbò?

Olóko Bálíkóní

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín kò ṣaláì ní òótọ́ nínú, agbọ̀n tí wọ́n bá tò bí ẹ ṣe sọ yẹn rẹwà ju tèmi lọ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ yẹn nìkan ni mi ò lè gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé omi máa ń ṣàn kúrò nínú kọ́ńpóòsì wọ inú òkúta, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń rí. Àwọn ihò tíntìntín inú kọ́ńpóòsì máa ń fa omi mọ́ra, wọn kì í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àlàfo ńláńlá tó wà láàárín òkúta àfi ìgbà tí ilẹ̀ òkè náà bá ti rin débi pé kò lè mú un mọ́. Nítorí náà, kò sí ohun tí òkúta ń ṣe ju pé ó ń gbé ibi tí omi dúró sí súnmọ́ gbòǹgbò lọ. Nínú abọ́ tí kò ní ihò, ọ̀nà tí a fi ń bomi rin ín ló ń dáàbò bò ó.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń ki ìka bọ inú kọ́ńpóòsì títí dé oríkèé kìíní. Bó bá tutù, mi ò ní fi omi kàn án. Bó bá gbẹ, mo máa ń yọ ike náà kúrò nínú abọ́, mo máa ń gbé e sínú omi tó kún dé ìdajì ara rẹ̀ nínú síǹkì fún bíi ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ni mo ó jẹ́ kó ro dáadáa kí n tó dá a padà. Primrose ló máa ń kọ́kọ́ kéde pé òùngbẹ ń gbẹ òun: gbogbo ewé rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́lẹ̀ bọrọgidi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tètè gbé e sínú omi, yóò dìde. Ẹ má da omi sórí hyacinth, ní pàtàkì sí ibi tí ewé rẹ̀ ti ń pàdé, nítorí pé ibẹ̀ ló ti máa ń jẹrà. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ òdòdó kúrò nínú ike bíi ti Ìyá Ìbejì, kí ó lo kọ́ńpóòsì pàtàkì tí wọ́n ń tà fún abọ́ tí kò ní ihò, èyí tí wọ́n kọ „bulb fibre“ sára àpò rẹ̀, kí ó sì máa fi ife kékeré bù ú sí i.

Aláṣọ Ìtòkú

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹwà rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ mi mọ̀. Ìyàwó ilé, ẹ wá àdìrẹ tí ẹ ti gbó, kí ẹ wé e mọ́ ìdí abọ́ náà, kí ẹ sì ta kókó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni wé gèlè. Ọmọ Abẹ́òkúta ni màmá, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àdìrẹ ẹlú máa ń yọ̀ tí omi bá kàn án, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá tín-ín-rín sáàárín aṣọ àti tábìlì, pàápàá tí tábìlì yín bá jẹ́ igi funfun. Mo ti rí àwọn tó lo igbá fínfín ti Ọ̀yọ́ náà, ó sì wuyì gan-an, ṣùgbọ́n igbá kò fẹ́ràn ọ̀rinrin, yóò hu èébu nínú. Abọ́ ike kan ni kí ẹ fi sínú igbá, kí ike òdòdó tó wọ inú rẹ̀.

Ní ti moss, inú ọgbà ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti há a, ó pọ̀ lára koríko tí òòrùn kì í dé, inú ẹni tó ni ọgbà yóò sì dùn pé ẹ bá òun kó o kúrò. Ẹ má lọ sínú igbó ìjọba lọ ṣí i o. Òfin ilẹ̀ Britain tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 lórí ẹranko àti ewéko inú igbó kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni hú ewéko kankan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí ẹ bá há a tán, ẹ gbọn kòkòrò inú rẹ̀ dànù síta, kí ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ wá tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ẹní, kí etí rẹ̀ wọlé sábẹ́ etí abọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í náání, òun ni ẹ̀ka igi. Ẹ gé ẹ̀ka forsythia díẹ̀ nígbà tí ìrudi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, kí ẹ fi sínú omi nínú ilé, òdòdó òféèfèé rẹ̀ yóò là kí ti ìta tó là. Ẹ lè fi ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní omi, kí ẹ fi ìgò náà pamọ́ sáàárín àwọn ike. Ẹ tún wá ẹ̀ka dogwood pupa, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gún, kí ẹ ri mẹ́ta yí hyacinth ká, kí ẹ fi ìko so wọ́n pọ̀ lókè díẹ̀. Orí hyacinth máa ń wúwo tó bá ti là tán, ó sì máa ń dojú bolẹ̀ lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó; ìko yẹn ni yóò gbé e dúró, kò sì ní hàn pé ọ̀pá ló ń bẹ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹwà má jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ewu. Gbogbo ara daffodil ló ní májèlé, ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló sì le jù. Ó jọ àlùbọ́sà débi pé lọ́dún 2015, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú nílẹ̀ England kọ̀wé sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má ṣe gbé daffodil sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso. Ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí kò mọ òdòdó yìí rí, tó sì fẹ́ràn láti wọ ilé ìdáná, kò jẹ̀bi bó bá rí i lórí káńtà tó sì fẹ́ rẹ́ ẹ sínú ata. Ẹ sọ fún màmá ní tààrà pé kì í ṣe jíjẹ. Ẹ má sì kó ìdí òdòdó kankan sínú fíríìjì láìkọ ohun tó jẹ́ sára àpò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jẹ nínú rẹ̀, èébì àti inú rírun ló sábà máa ń fà. Ẹ má fi ipá mú un bì, ẹ pe 111, kí ẹ sì mú ike tàbí lébẹ́ẹ̀lì òdòdó náà lọ́wọ́ kí ẹ lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí tó bá dákú, 999 ni kí ẹ pè.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ìdí hyacinth. Àwọn kírísítà tó mú bí abẹ́rẹ́ wà lára èèpo rẹ̀ tó ti gbẹ, wọ́n sì máa ń mú kí ara yún èèyàn, pàápàá ní ọrùn àti ojú tí a bá fi ọwọ́ náà nù wọ́n. Bí ẹ bá fi omi wọ́n ìdí náà kí ẹ tó gbé e, eruku rẹ̀ kò ní fò. Primrose tí wọ́n ń pè ní Primula obconica náà máa ń fa kókó ara fún àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mú irú èyí tí kò ní oró náà jáde báyìí. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni tó bá ní ológbò nílé, kó má gbé òdòdó lílì tòótọ́ wọlé rárá, títí kan èyí funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì ń lò nígbà Àjíǹde, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lásán àti omi inú ìkòkò rẹ̀ lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́.

Òórùn hyacinth dára, ṣùgbọ́n ó le. Tí màmá bá ní ikọ́ fée tàbí tí orí máa ń fọ́ wọn, ẹ yọ hyacinth kúrò, kí ẹ fi muscari kejì dípò rẹ̀.

Ará Lewisham

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá kò ní ikọ́, mo sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò tíì darúgbó débi tí àwọn yóò fi máa se òdòdó. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ ba ọ̀rọ̀ hítà. Pálọ̀ wa máa ń gbóná tó 24 °C, mi ò sì lè dín in kù. Ṣé kí n kàn pa èrò náà tì ni?

Àgbà Croydon

Ẹ má pa á tì o, ọmọ mi. Òótọ́ ni pé ooru ni ọ̀tá àwọn òdòdó wọ̀nyí. Orí òkè ilẹ̀ Tọ́kì àti agbègbè rẹ̀ ni hyacinth ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n bíi 10 sí 15 °C ni ara rẹ̀ ń fẹ́ nígbà tó bá ń tanná. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú pálọ̀ yín, kíá ni yóò là, kíá ni yóò sì gbó.

Ṣùgbọ́n òru gùn lásìkò yìí, màmá kì í sì í jókòó ní pálọ̀ lóru. Lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ gbé abọ́ náà lọ sí ibi tó tutù jù nínú fúláàtì yín, bóyá etí fèrèsé ilé ìwẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde. Bí ẹ bá ní bálíkóní tí atẹ́gùn kì í fẹ́ jù, tí yìnyín kò sì sí, ó lè sùn síbẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ má gbé e sí òkè hítà, bó ti wù kí ibẹ̀ dà bí ibi tó yẹ ẹ́ tó. Ìsàlẹ̀ fèrèsé lọ̀pọ̀ hítà máa ń wà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé etí fèrèsé tó ní ìmọ́lẹ̀ náà ló tún ń sun gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ èso náà, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ápù tó ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń mú kí òdòdó tètè gbó. Ẹ máa yí abọ́ náà padà díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọrùn wọn má baà wọ́ sí ọ̀nà kan níbi tí wọ́n ti ń wá ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ ṣe abọ́ tó lè gba ooru. Kalanchoe òféèfèé, ewé rẹ̀ nípọn, kò sì bìkítà fún ilé gbígbóná. Orchid tí wọ́n ń pè ní Phalaenopsis fẹ́ràn ìwọ̀n ooru tí màmá fẹ́ràn gan-an. Peace lily a sì máa tanná funfun láìsí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í ṣe ohun tí ológbò tàbí ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ lẹ́nu. Ẹ to àwọn yẹn sí abọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò dúró, kí ẹ fi àyè ike kan ṣoṣo sílẹ̀ fún daffodil. Bí ti daffodil bá gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Èyí ni mo rò pé ó bá ilé yín mu jù, torí pé yóò ṣì ní ojú ìgbà ìrúwé, síbẹ̀ kò ní sọ yín di olùṣọ́ òru.

Ọmọ Yorùbá ní Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ Ìyá tiwa ní Amẹ́ríkà ṣì di ọjọ́ Àìkú kejì nínú Oṣù Karùn-ún, ooru yóò sì ti mú ní Texas kó tó dìgbà yẹn, nítorí náà Oṣù Kìíní àti Ìkejì ni àwa máa ń ṣe abọ́ tiwa. Òtútù wa kò tó láti jí tulip àti hyacinth, inú fíríìjì la ti ń fún wọn ní òtútù. Ọ̀pọ̀ tulip tí a fẹ́ kó tanná nínú ìkòkò ń fẹ́ bíi ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù. Bí òtútù yẹn kò bá tó, igi rẹ̀ kì í gùn, àárín ewé ni òdòdó rẹ̀ yóò há sí tí yóò sì gbẹ síbẹ̀. Kí ẹ tó kó wọn sínú fíríìjì, ẹ kó gbogbo èso kúrò níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí Àgbà Croydon sọ yẹn máa ń pa ìrudi kékeré inú ìdí náà kó tó jáde rárá.

Fún ẹni tí kò bá ní sùúrù, paperwhite, irú daffodil funfun kan, ni kó rà. Kò nílò òtútù kankan. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ tí kò ní ihò, ẹ to ìdí rẹ̀ sórí òkúta náà kí orí rẹ̀ ṣíjú sókè, kí ẹ bu omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí náà, kò gbọdọ̀ bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, yóò ti tanná. (Olóko, níbí yìí òkúta wúlò, nítorí pé kò sí kọ́ńpóòsì lórí rẹ̀.) Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń ga jù, á sì wó. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Cornell gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006 pé bí a bá fi ọtí líle díẹ̀ sínú omi rẹ̀ lẹ́yìn tó ti hu gbòǹgbò, tí èéhù rẹ̀ sì ti yọ sókè díẹ̀, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì kúrú sí i, láìjẹ́ pé òdòdó rẹ̀ kéré sí i. Ìwọ̀n ọtí inú omi náà kò gbọdọ̀ ju bíi 5 nínú 100 lọ. Ìyẹn ni ìwọ̀n kan jíìnì tó jẹ́ 40 nínú 100 sí ìwọ̀n omi méje. Bíà àti wáìnì kò ṣe é lò nítorí ṣúgà inú wọn. Ẹ má sì fi ògógóró dán an wò, torí pé kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe le tó.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé àwa tí a wà ní Ìbàdàn náà lè fi fíríìjì ṣe hyacinth báyìí?

Ọmọ Yorùbá ní Houston

Ẹ lè ṣe é kó là, àbúrò, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yóò da òtútù rẹ̀ rú, bó bá sì là tán, ooru Ìbàdàn kò ní jẹ́ kó pẹ́ lójú yín. Owó yẹn, ẹ fi ra Hippeastrum tí àwọn olóko òdòdó ń pè ní amaryllis. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò nílò òtútù. Ẹ gbìn ín kí ìdajì ìdí rẹ̀ yọ sókè nínú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò, ẹ dín omi rẹ̀ kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè sinmi, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín padà nígbà tí èéhù rẹ̀ bá yọ.

Olóko Bálíkóní

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń bi mí níkọ̀kọ̀ ohun tí a ó fi òdòdó wọ̀nyí ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbó, ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí. Ẹ já orí òdòdó tó ti rọ kúrò pẹ̀lú ibi tó wú sẹ́yìn rẹ̀, kó má baà lo agbára rẹ̀ fún èso, ṣùgbọ́n ẹ má gé ewé rẹ̀, ẹ má sì ta á ní kókó. Ewé yẹn ló ń kó oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ pamọ́ sínú ìdí rẹ̀. Ẹ gbé ike náà síbi tó tutù tó ní ìmọ́lẹ̀, ẹ máa bomi rin ín, kí ó tó bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí kí ewé náà fúnra rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbìn ín síta. Ẹni tí kò ní ọgbà lè fún ọ̀rẹ́ tó ní, tàbí kó bẹ àwọn alákòóso ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó gbìn ín sẹ́bàá ọgbà wọn. Daffodil yóò padà wá lọ́dọọdún. Hyacinth náà yóò padà, àmọ́ òdòdó rẹ̀ kò ní kún tó ti àkọ́kọ́. Muscari yóò gbilẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Tulip inú ìkòkò kò yẹ ní wàhálà, ẹ dà á sórí ààtàn kọ́ńpóòsì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti ọdún 2027 láìra ti ṣọ́ọ̀bù, inú Oṣù Kẹwàá ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìdí daffodil kékeré, muscari àti hyacinth lásán, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi òtútù tọ́jú fún Kérésìmesì. Ẹ gbìn wọ́n sínú àwọn ike sẹ̀ǹtímítà 9 tí ẹ ti fọ̀ pamọ́, kí ìdí wọn sún mọ́ ara wọn láìkan ara wọn, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sórí bálíkóní. Òtútù yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí èéhù wọn bá ti yọ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí ẹ sì rí ìrudi láàárín ewé, ẹ kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀, yàrá tó tutù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú àwọn ike náà láti ọjọ́ tí ẹ bá gbìn wọ́n, nítorí pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ìlú yìí máa ń hú tulip àti crocus jẹ. Wọn kì í sábà fẹnu kan daffodil ní tirẹ̀.